Ẹnu Tuntun fún Ìbọn Ìyá Ìyàwó Mi

Láti ìgbà tí ìyá ìyàwó mi ti wọlé ọkọ ló ti ń kì ìbọn fún ọkọ rẹ̀. Bàbá ló ń yìn ín, ìyá ló ń kì í. Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ ọdẹ láàárín ara wọn nìyẹn, bí àwọn tọkọtaya mìíràn ṣe máa ń pín ẹja pípa àti ẹja yíyan. Bàbá á jókòó síwájú ọkọ̀, ìyá á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀ ìtukọ̀ lórí itan. Bí ìbọn bá ti dún tán, bàbá á na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, ìyá á gba ìbọn, á rọ ẹ̀tù sí i, á fi irun èèpo àgbọn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fi ọta kan lé e, á sì dá a padà fún un. Ìbọn ṣakabùlà ni, irú èyí tí a ń ti ẹnu bọ́. Ìyàwó mi sọ fún mi pé òun kò gbọ́ rí kí bàbá òun bèèrè bóyá ẹ̀tù náà tó tàbí kò tó.

Nígbà tí bàbá papòdà, gbogbo ẹbí rò pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ìbọn náà tọ́ sí. Àbúrò yìí pàápàá rò bẹ́ẹ̀, ó ti kan ìṣó mọ́ ògiri yàrá rẹ̀ níbi tí yóò gbé e kọ́. Àṣé bàbá ti sọ ọ́ létí àwọn àgbà kí ó tó dákẹ́ pé ẹni tó mọ ohun tí ìbọn náà ń jẹ ni kí wọ́n gbé e fún. Kò sí ẹni tó lè jiyàn ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ìbọn ṣe di ti obìnrin ní Mọlútẹ̀hìn, ìlú wọn nílẹ̀ Ìlàjẹ, nìyẹn. Nígbà tí a lọ tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ń yọjú wo ẹ̀yìn ìyá, ó ń wá ọkùnrin tó ni ín. Ojú mi ló bá pàdé. Mo mi orí, mo sì fi ìka tọ́ka sí ìyá.

Èmi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni mí, iṣẹ́ ọwọ́ ló gbé mi dé Igbókòdá. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí èbúté, mò ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, mo sì ń ṣe jórinjórin. Níbẹ̀ ni mo ti mọ ìyàwó mi. Olùkọ́ ni, òun ló gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n tètè ṣe é, mo sì rọra ń ṣe é kí ó lè máa padà wá bèèrè. Títí di òní ni ìyá rẹ̀ fi ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni òun mọ̀ tó gba ọmọ lọ́wọ́ òun.

Ohun tó mú ìyá gbé ìbọn sí èjìká ara rẹ̀ ni awọ́nrínwọ́n kan. Lórí òpó ni ilé wọn wà, bí ilé gbogbo tó wà létí omi níbẹ̀, ìyá sì ń sin pẹ́pẹ́yẹ sábẹ́ ilé. Awọ́nrínwọ́n náà fẹ́ràn ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, ó sì fẹ́ràn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ jù ú lọ. Bí ó bá ti jẹun tán, á wẹ̀ kọjá sí òdìkejì omi, á gun ìtí igi kan tó ti wó, á na ara sínú oòrùn, á gbé orí sókè bí onílé tó ń retí ayálégbé. Ó tóbi, ó sì sanra. Ẹran ìyá ló fi sanra.

Ìyá kì ìbọn bó ṣe máa ń kì í fún ọkọ rẹ̀. Ó fi ìkarahun ìṣáwùrù kan wọn ẹ̀tù, ìkarahun kan náà tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti mú kí etí rẹ̀ máa dán. Ó dúró lójú pákó iwájú ilé, ó fojú sun ẹran náà, ó sì yìn ín. Bó ṣe dún ni ìbọn náà ta á nípàá. Ìyá lọ sẹ́yìn láìròtẹ́lẹ̀, ó sì jókòó sínú agbada ńlá tí ó rẹ ẹ̀gẹ́ tí yóò fi ṣe pupuru sí. Awọ́nrínwọ́n gbé orí, ó wò ó, ó sì sọ̀ sínú omi láìkánjú.

Ìyàwó mi, tó ti lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá, ló pè mí lórí fóònù. Ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, torí ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé lópin ọ̀sẹ̀, èjìká ìyá ti wú, ó fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dárò. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò tíì jẹ́ kí n dìde tán tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Àna mi, o mọ bí a ṣe ń fi irin tu ẹ́ńjìnnì tó ń bínú lójú. Bá mi wá nǹkan ṣe sí ẹnu ìbọn yìí, kí ó yé ta mí nípàá.”

Mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ kò kúkú ní dín ẹ̀tù rẹ̀ kù?”

Ó wò mí bí ẹni tó bi í bóyá ó ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ó ní òun ti dín in. Ìbọn náà kò ta òun nípàá mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ bọ́ sínú omi níwájú òun bí ẹ̀pà tó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹran náà kò tilẹ̀ ṣí ojú. Ó ní ohun tí òun ń fẹ́ ni kí ìbọn náà le sí awọ́nrínwọ́n, kí ó sì rọ̀ sí òun.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Igbókòdá, mo ń rò ó. Lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ ṣá, mo rí fídíò kan lórí fóònù. Òyìnbó kan tó wọ ẹ̀wù òtútù ló fi irin kékeré kan bọ ẹnu ìbọn rẹ̀, irin náà ní ihò lọ́tùn-ún àti lósì. Ó yin ìbọn láìsí irin náà, èjìká rẹ̀ fò. Ó fi irin sí i, ó tún yìn ín, èjìká rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀, torí bí iṣẹ́ èéfín ẹ́ńjìnnì ṣe rí náà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń sáré jáde lẹ́nu ìbọn ló ń ti ìbọn sẹ́yìn. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ fún un, yóò gba ẹ̀gbẹ́ jáde, agbára tó fi ń tì í yóò sì dín kù. Òyìnbó náà wá jókòó, ó fẹ́ ṣàlàyé ohun tó yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún lẹ́yìn tí ó bá ti fi irin náà sí i. Ibẹ̀ ni dátà mi ti tán.

Mo gé irin tí kì í dípẹtà lára ọ̀pá ìdí ẹ́ńjìnnì àlòkù kan, mo lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo sì ṣe é kí a lè fi bóòtù fún un mọ́ ẹnu ìbọn. Ìyá ti kìlọ̀ pé iná jórinjórin kò gbọdọ̀ kan ìbọn ọkọ òun. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ó jọ fèrè tí ẹnìkan gé kúrú. Fèrè náà ni gbogbo wa sì ń pè é.

Ọjọ́ tí a fẹ́ dán an wò, àbúrò bàbá dé. Èmi ń pè é ní Bàbá Kékeré, òun náà sì ń pè mí ní Àna Wa, bí ẹni pé gbogbo ìdílé ló fi mí ṣe àna, kì í ṣe òun nìkan. Bí ó ti jẹ́ pé wọ́n ti bí i kí ìyá tó wọ ilé wọn, Ìyàwó ló ń pe ìyá, ìyá sì ń pè é ní Ọkọ Mi, bí irun àwọn méjèèjì ṣe funfun tó yìí. Ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó dé fìlà, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìbọn lọ dúró. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bọ́ sẹ́yìn. Ó ní òun ti ń wo ẹnu ìbọn kí bàbá mi tó ra ṣòkòtò. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó sún ìṣísẹ̀ kan péré, tí kò ṣe é láǹfààní kankan.

Pákó ara ọkọ̀ tó ti fọ́ kan ni a gbé ti igi lẹ́yìn ilé, ní apá ibi tí kò sí ilé kankan. Ìyàwó mi fi ẹfun yí àmì roboto sí i láàárín, bó ṣe máa ń yí i sójú pátákó fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Ìyá gbé ìbọn, ó dijú díẹ̀ torí ohun tí èjìká rẹ̀ ṣì rántí, ó sì yìn ín.

Ariwo rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Iná àti èéfín tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí omi tó bẹ́ lójú páìpù. Fìlà Bàbá Kékeré dìde lórí rẹ̀, ó fò lọ sínú omi, síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì di aláró láti àyà dé ìdodo. Ó dúró gbagidi. Ó na ìka sí ìyá, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jọjọ.

Ó ní, “Ìyàwó, o yìnbọn lù mí.”

Ìyá ní, “Ọkọ mi, atẹ́gùn ni.”

Inú ìyá dùn débi pé ó ń fọwọ́ gbá èjìká ara rẹ̀. Ìbọn náà kò ta á nípàá rárá. Ìyàwó mi ń fi àjẹ̀ fa fìlà jáde nínú omi, èmi sì ti ń rò ó pé mo ti gbayì lọ́wọ́ àna. Ìgbà tí a dé ìdí pákó ni ojú mi wálẹ̀. Kò sí ihò kan lára rẹ̀. A wá ọta náà títí kí a tó rí i lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó wà lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá ni, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó.

Ó tún un yìn. Ọta lọ sápá òsì. Ó tún un yìn, òkè pákó ló bà. Kò sí méjì tó jọra. Bàbá Kékeré, tí fìlà rẹ̀ ń kán omi lọ́wọ́ rẹ̀, wá rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní ọ̀fọ̀ ni ìbọn náà ń ṣe, pé ó ń wá ọwọ́ ọkùnrin tó mọ̀, àti pé ìṣó kan wà lára ògiri òun tó ti ń retí rẹ̀. Ìyá dá a lóhùn pé ìbọn tó bá ń ṣọ̀fọ̀ kì í pariwo tó èyí.

Ìyàwó mi ló là wá. Ó ní bí ọmọ bá ṣi ìṣirò kan ṣe, a kì í nà án ká tó mọ ibi tó ti ṣì í. Ó ní kí a yọ fèrè náà, kí a yin ìbọn láìsí i, kí a wo ẹni tó jẹ̀bi. Ìyá sọ pé èjìká òun kò sí níbẹ̀. Èmi ni wọ́n gbé ìbọn fún. Mo yìn ín, ó ta mí nípàá débi pé eyín mi lu ara wọn, mo sì lóye ohun tí ìyá ti ń fojú rí. Ṣùgbọ́n ọta náà wọ àárín àmì ẹfun geere. Ìbọn kò ní ẹ̀bi. Fèrè mi ló ni ín.

Mo gbé fèrè náà sójú oòrùn, mo fi ojú kan wo inú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan inú ihò, mo rí ibi tí ọta ti fi ara ha á, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Kò jókòó dọ́gba lẹ́nu ìbọn. Ó tẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ tí ojú kò lè tètè rí, ọta sì ń fi èjìká gbá a bí ó ṣe ń jáde, bí ẹni tó ń sáré gba ẹnu ọ̀nà tóóró kọjá. Bóòtù rẹ̀ náà ń tú díẹ̀díẹ̀ bí ìbọn bá ti ń dún. Bí fèrè kò bá lè dúró sójú kan, kí ni ìbọn fẹ́ ṣe tí ọta rẹ̀ yóò fi máa lọ sójú kan?

Mo dá a padà sí Igbókòdá. Mo fẹ ihò rẹ̀ díẹ̀ kí ọta má baà kàn án, mo tún ibi tó ti ń jókòó ṣe kí ó lè dọ́gba, mo sì wá bóòtù tí kì í tú. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a padà sẹ́yìn ilé. Ìyá yìn ín, ó tún kì í, ó tún yìn ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ọta gbogbo kó ara wọn jọ sójú kan bí àwọn èèyàn tó wá sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n ìpàdé náà kì í ṣe níbi àmì ẹfun. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni, lápá òsì, bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan.

Ìtìjú bá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ irin náà nù. Ìyá dá mi dúró. Inú rẹ̀ dùn ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.

Ó ní, “Ọmọ tó ń pa irọ́ kan náà lójoojúmọ́, ìyá rẹ̀ mọ bí òun yóò ṣe gbọ́ ọ. Èyí tó ń yí irọ́ padà ló ń dààmú èèyàn.”

Nígbà náà ni mo tó ra dátà, mo sì gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ òyìnbó ẹlẹ́wù òtútù. Ohun tó ń sọ kò le. Ìgbà tí ìbọn bá dún, gbogbo irin rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Bí o bá gbé ẹrù lé e lẹ́nu, ó ń gbọ̀n lọ́nà mìíràn, ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí nígbà tí ọta ń jáde kò ní jẹ́ ibi àtijọ́ mọ́. Nítorí náà, oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀tù àti irun àgbọn rẹ̀, lè má bá a lára mu mọ́. Bí ẹnu bá yí padà, kí a tún oúnjẹ wá. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá bí mo ṣe lè ṣe é, mo mú ọ̀pá ìwọ̀ kan, mo mì í, mo so òjé mọ́ orí rẹ̀, mo tún un mì. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja kí wọ́n tó bí mi, òun mọ bí òjé ṣe ń yí ọ̀pá lọ́kàn padà. Ó dìde, ó lọ sídìí ààrò, ó sì gbé igbá kan tó kún fún ìkarahun ìṣáwùrù jáde.

Bí àkókò tí mo gbádùn jù lọ ní ilé àna mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọyẹ́ ti ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ, omi fà. Ìyá ṣa ìkarahun tó kéré díẹ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, ó ṣa èyí tó tún kéré sí ìyẹn, ó tò wọ́n sórí ẹní. Ọ̀sán nìkan ló ń yin ìbọn, nígbà tí àwọn ọmọdé kò bá sùn, torí abiyamọ kan nítòsí ti ránṣẹ́ pé ọmọ òun ti ń fò sókè lójú oorun kí ìbọn tó dún. Ìyá kì í kánjú. Bí ó bá yìn ín, á nu inú ìbọn, á jẹ́ kí irin rẹ̀ tutù, á lọ wo ẹja rẹ̀ lórí ààrò, kí ó tó padà wá. Nǹkan kan ṣoṣo ló sì máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀tù ló dín, kò ní fọwọ́ kan irun àgbọn. Bí ó bá jẹ́ irun àgbọn ló gún kúnná sí i, kò ní fọwọ́ kan ẹ̀tù. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ṣe méjèèjì pọ̀ kí ó lè yá. Ó bi mí padà pé bí òun bá fi iyọ̀ àti ata kún ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnu bá ta mí, ta ni kí n bá wí.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìpàdé ọta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò nísàlẹ̀. Ìkarahun kan gbé e sókè, ṣùgbọ́n ó tú u ká. Òmíràn kó o jọ, ṣùgbọ́n ó gbé e sápá ọ̀tún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú ìkarahun kan tó kéré sí ti ọkọ rẹ̀ ní ìwọ̀nba díẹ̀, ó fi irun àgbọn tó le tẹ̀ ẹ́, ó sì yìn ín. Ọta bo àmì ẹfun náà mọ́lẹ̀. Ó tún un ṣe, ó tún bò ó. Èmi àti ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. Ìyá kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó sórí ẹní, ó mú ìkarahun ọkọ rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú tuntun sọ́wọ́ òsì, ó ń wò wọ́n.

Nígbà tó yá, ó rọra bèèrè pé, “Ṣé kò ní dà bí ẹni pé mo ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ bàbá yín lẹ́nu?”

Ìyàwó mi ló sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ bà á léjìká, ibi tó ti wú nígbà kan.

Ó ní, “Màmá, èjìká yìí kọ́ ni bàbá fi ń yìnbọn.”

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó so ìkarahun àtijọ́ náà mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì sọ tuntun sínú àpò ẹ̀tù. Ó ní ẹja òun ń jóná, ó dìde.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni awọ́nrínwọ́n náà gun ìtí igi rẹ̀. Èmi kò sí níbẹ̀. Ìyàwó mi tó wà níbẹ̀ sọ pé ìyá kò sáré, pé ó kọ́kọ́ bu ata sí ọbẹ̀ tó ń sè kí ó tó mú ìbọn. Ìró kan ṣoṣo ni. Wọ́n fi ọkọ̀ lọ gbé e. Nígbà tí mo dé, ó ti wà nínú ìkòkò, Bàbá Kékeré sì ti wà nídìí ìkòkò. Pupuru tó bọ̀ nínú ọbẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ó jẹ ìrù, ó tún jẹ itan, ó ní òun ń jẹ ẹ́ nítorí ìbínú àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó ti kú. Ó wá ń wo òrùlé nígbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Àna Wa, irin tó kù lára ọ̀pá ẹ́ńjìnnì yẹn, ṣé ẹ ti sọ ọ́ nù?”

Ìbọn tirẹ̀ ló fẹ́ ṣe é sí, ìbọn àtijọ́ kan tó máa ń sọ pé irin rẹ̀ ti gbó. Mo ṣe fèrè fún un, mo ṣe é dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó dọ́gba gírígírí. Ó gbé e lọ láìdágbére fún ìyá. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti rán ẹnìkan wá wo ìkarahun ìyá, pé ó ti wá irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ létí omi, ó sì ti gún irun àgbọn bí ìyá ṣe ń gún tirẹ̀. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá kí ó wá wòran. Ọta lọ síbi tó wù ú. Ó yí ẹ̀tù padà, ó yí irun àgbọn padà, ó yí ọta padà, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọta dé etí pákó. Inú rẹ̀ dùn, àmọ́ kò mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣe iṣẹ́ náà, bó sì ṣe fẹ́ tún un ṣe, kò rántí bó ṣe ṣe é.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Igbókòdá, ó fẹ̀sùn kàn mí pé mo gbé fèrè rere fún obìnrin, mo sì gbé èyí tó ya dìndìnrìn fún òun. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní irin kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló ṣe é, ṣùgbọ́n ìbọn méjì kì í jẹ oúnjẹ kan náà. Mo ní kí ó lọ bá ìyá. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló dún kọjá lójú omi kí ó tó dìde.

Bí ó ṣe bẹ ìyá, èmi kò mọ̀. Ohun tí mo rí nígbà tí mo dé Mọlútẹ̀hìn ni pé ó jókòó sórí pákó iwájú ilé, ó ń gún èèpo àgbọn nínú odó, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ìyá sì jókòó sórí àpótí, ó ń fi ojú wọn iṣẹ́ náà. Ó ń sọ fún un pé kò tíì kúnná, ó ń fi ohùn ìyàwó ilé sọ ọ́, tẹ̀rọ̀tẹ̀rọ̀. Ọkọ mi, ẹ gún un díẹ̀ sí i. Ọkọ mi, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀tù lónìí, irun àgbọn là ń wò. Bí inú bá bí ìyá, á da èdè Ìlàjẹ sílẹ̀ kíákíá, èmi kì í gbọ́ ju ìdajì lọ nínú rẹ̀. Bàbá Kékeré ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń gún èèpo àgbọn lọ.

Àṣé ẹ̀tù tó pọ̀ díẹ̀ ju ti ìyá lọ ni ìbọn rẹ̀ ń fẹ́, pẹ̀lú irun àgbọn tó rọ̀. Nígbà tí ọta rẹ̀ kọ́kọ́ bo àmì ẹfun, ó gbé pákó náà kúrò lára igi, ó gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì tukọ̀ lọ sílé. Mo gbọ́ pé ìṣó tó kàn mọ́ ògiri ló gbé pákó ọ̀hún kọ́.

Látìgbà náà, àwọn ọdẹ ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹnìkan wá láti Araròmí lọ́hùn-ún, níbi tí òkun ti ń gba ilé lọ́wọ́ onílé. Ó ní òun gbọ́ pé mo ní irin tó ń mú ìbọn rí ẹran. Mo ní kí ó jókòó, mo sì sọ òtítọ́ fún un. Mo ní irin yìí kò mú ìbọn ríran. Ohun tó ń ṣe ni kí èjìká sinmi, kí ọwọ́ má gbọ̀n nítorí ìbẹ̀rù. Mo ní bí kò bá jókòó dọ́gba, á ba ìbọn jẹ́. Bí ó bá jókòó dọ́gba pàápàá, á tún gbé ọta lọ síbi mìíràn, òun fúnra rẹ̀ yóò sì ní láti jókòó, kí ó wá oúnjẹ tó bá ìbọn tirẹ̀ mu. Ó bi mí bóyá mo lè kúkú ta ìkarahun ìyá fún òun. Mo ní etí òkun ló ti wá, ìṣáwùrù kò wọ́n ní Araròmí.

Ohun kan ṣoṣo tí a kò rí nǹkan ṣe sí ni ariwo. Ohun tí fèrè gbà lọ́wọ́ èjìká, etí ló gbé e fún. Ìyàwó mi ra òwú fún ìyá kí ó máa fi dí etí bí ó bá fẹ́ yìnbọn, ìyá sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń gbàgbé láti yọ ọ́. Ní Sátidé tó kọjá, a wọ ọkọ̀ láti Igbókòdá, a dé ìdí ilé, mo sì kí i láti inú ọkọ̀. Kò dáhùn. Mo gun àkàbà, mo dọ̀bálẹ̀ sórí pákó, mo tún kí i. Ó ń ṣa edé lọ. Ìgbà tó gbé orí sókè tó bá mi nílẹ̀, ó fò díẹ̀, ó sì bèèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ bóyá báyìí ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń wọlé àna wọn láìkí èèyàn. Ìyàwó mi tọ́ka sí etí ara rẹ̀. Ìyá yọ òwú kan, ó wò ó, ó yọ èkejì. Ó ní kí n tún kí òun, pé òun ń gbọ́ báyìí.